Ẹ̀yin Pásítọ̀ Wa Nílẹ̀ Ọ̀kun, Òmìnira Wo Là Ń Ṣọpẹ́ Fún?

Sí ẹ̀yin pásítọ̀, alàgbà, ìyá ìjọ àti olórí ọ̀dọ́ ní gbogbo ìjọ tó wà ní Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Mòpà, Yàgbà, títí dé Lọ́kọ́ja, ní ìpínlẹ̀ Kogi wa níbí,

Ọ̀kun o, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í pe àgbà lẹ́jọ́ ní gbangba, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ ni mo bá wá o, ìdí tí mo sì fi kọ ọ́ síta báyìí ni pé tí mo bá kọ ọ́ sí pásítọ̀ tèmi nìkan wọ́n á rò pé àwọn ni mò ń bá wí, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa lọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ọ̀rọ̀ ìsìn òmìnira ni, ìyẹn ìsìn Sunday tó bá sún mọ́ October 1. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn ọmọ Sunday school á wọ funfun pẹ̀lú green, wọ́n á fi àsíá kékeré jó wọlé, a ó kọ orin orílẹ̀-èdè (látìgbà tí ìjọba ti dá ti àtijọ́ padà ní 2024, àwọn ìyá àgbà ló ń kọ ọ́ láìwòwé, àwa ọ̀dọ́ là ń yọjú wo fóònù), lẹ́yìn náà àdúrà á gbóná, Fáráò á kú, ẹṣin àti ẹni tó gùn ún á rì sínú Òkun Pupa, ṣọ́ọ̀ṣì á mì tìtì fún àmín. Kí àdúrà tó parí ọlọ́lá kan á ti dé pẹ̀lú mọ́tò bíi mélòó kan, wọ́n á fà á lọ sí àga iwájú, wọ́n á ní kó wá kí ìjọ, á gba máíkì, á kí ìjọ títí ọbẹ̀ á fi jó nílé, á ju nǹkan sílẹ̀ fún building, ó bùṣe. A ti ṣe òmìnira, ó kù ká lọ gúnyán.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, Bíbélì ló ní ká gbàdúrà fún àwọn tó wà nípò àṣẹ, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé láàárín gbogbo ariwo yẹn kò sẹ́ni tó bi wá bóyá àwa tá a jókòó síbẹ̀ wà lómìnira. Fáráò ló ṣẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin, àwa ò ṣẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹni tí gbogbo wa mọ̀ jáde, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn ni, 1821 ni ogun kó o, ọmọdé ni nígbà náà, wọ́n fokùn sí i lọ́rùn, wọ́n yà á nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n ń tà á látọwọ́ ẹnì kan sí òmíràn títí tó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. April 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon dá ọkọ̀ yẹn dúró lójú omi, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sierra Leone. Ó dòmìnira nìyẹn. Ká ní ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ parí sí nìyí, ì bá bá ìsìn October 1 tiwa mu rẹ́gí, ká kàn lùlù ká jó. Àmọ́ nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, níbi tó ti ń ròyìn bí wọ́n ṣe mú un lẹ́rú, ó sọ pé nígbà tó tó bí ọdún kẹta tí òun ti bọ́ lóko ẹrú ènìyàn, òun wá rí i pé òun ṣì wà lóko ẹrú míì tó burú ju ìyẹn lọ, oko ẹrú ẹ̀ṣẹ̀ àti ti Sàtánì. December 1825 ló ṣèrìbọmi.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ó mọ bí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣe ń rí lọ́rùn o. Tí èmi tí mi ò dé ibi tí wọ́n ti ń ta èèyàn rí bá sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ burú ju oko ẹrú lọ, ẹ lè ní ẹnu lásán ni mò ń fi sọ ọ́. Crowther ò lè fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ó ti wọ méjèèjì wò.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù ni ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Kò torí pé ó ti rí oko ẹrú tó burú jù kó wá fojú kékeré wo èyí tó kù. Ó wà nínú àwọn tó bá ọkọ̀ gòkè odò Ọya ní 1841, nígbà tí wọ́n ń wá bí òwò ẹrú ṣe máa dópin. 1851 ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níwájú Queen Victoria, ó ń ròyìn òwò ẹrú tí wọ́n ń ṣe ní Èkó. Ó tún padà sí odò wa níbí, ó dá ìjọ sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, ó dé Lọ́kọ́ja, ó ń kọ́ ọmọ níwèé. Ẹ bá lọ sí Lọ́kọ́ja lónìí, ẹ ó rí irin kan ní ọgbà ilé ìwé Holy Trinity tí wọ́n ń pè ní Iron of Liberty, ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ẹrú sílẹ̀. Ọwọ́ tó ń ṣèrìbọmi fún èèyàn náà ló ń bá wọn wá bí wọ́n ṣe máa kúrò nínú ìdè.

Kódà wọ́n jí òun alára gbé. 1867, ó ti di bíṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́ta, olóyè kan tó ń jẹ́ Abokko mú òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson nítòsí Idah, ó ní àfi kí wọ́n san owó kóun tó fi wọ́n sílẹ̀. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, ló wá gbà wọ́n, àwọn bàbá àti ọmọ bọ́, ṣùgbọ́n ọfà olóró ba Fell ó sì kú. Ẹ ò rí nǹkan, àṣé bíbéèrè owó lórí èèyàn ti wà ní Kogi kí Kogi tó máa jẹ́ Kogi.

Ẹ̀yin bàbá mi, ohun tí mo rí nínú ayé bàbá yìí ni mi ò rí nínú ìwàásù wa. Ìwàásù wa, ó ti pín sí ọ̀nà méjì tí wọn ò pàdé ara wọn.

Ọ̀nà kan ní ayé yìí kì í ṣe ilé wa, òṣèlú dọ̀tí, ká ṣáà máa múra ọ̀run. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà táwọn ajínigbé ń dá èèyàn lọ́nà lójú títì tá à ń gbà lọ sílé, tí ìyá mìíràn ní Yàgbà ò lè dá lọ hú iṣu nínú oko ara rẹ̀ mọ́, tí àwọn ìjọ kan ti ń parí ìsìn àṣálẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ni ká ti sọ fún wọn, pé kí wọ́n fọkàn sí ọ̀run? Ọlọ́run rí ìyà àwọn ọmọ Rẹ̀ ní Íjíbítì, Ó gbọ́ igbe wọn, Ó sì sọ̀kalẹ̀ wá, kò ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n máa mọ bíríkì wọn nìṣó kí wọ́n ṣáà máa kọrin. Àwọn tó mú ìyìn rere wá bá wa pàápàá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ìgbàgbọ́ ló bá wá, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yẹn náà ló jẹ́ kó dìde sí ọ̀rọ̀ pípa ìbejì, òun náà ló sì bí ilé ìwé àti hósípítù tó wà níbẹ̀ dòní.

Ọ̀nà kejì ló wá wọ́pọ̀ jù báyìí, pàápàá lẹ́nu àwọn pásítọ̀ tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ bíi tiwa. Gbogbo ìṣòro, ìjọba ni. Gbogbo ẹni tó burú, ó wà ní Abuja àbí Lọ́kọ́ja. Ọjọ́ tí Fáráò bá lọ, ọjọ́ náà layé máa dùn. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kúrò lọ́wọ́ Fáráò lóòótọ́, ẹ lọ ka Nọ́ńbà orí 11 àti 14 ẹ wo ohun tí wọ́n ń sọ láàárín aṣálẹ̀, ẹja àti àlùbọ́sà Íjíbítì ni wọ́n ń sunkún sí, wọ́n tún ń gbìmọ̀ pé kí àwọn yan olórí tó máa kó àwọn padà. Fáráò ò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà yẹn o, ó ti kú sómi tipẹ́.

Ẹ tún wo Jòhánù orí 8. Jésù ní òtítọ́ á sọ wọ́n di òmìnira, inú bí wọn, wọ́n ní, "Irú-ọmọ Ábúráhámù ni wá, a ò ṣẹrú fún ẹnikẹ́ni rí." Ẹ gbọ́ irọ́! Íjíbítì ńkọ́? Bábílónì ńkọ́? Lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n dúró sí yẹn gan-an, sójà Róòmù ń gba iwájú wọn kọjá, owó tó lórí Késárì ni wọ́n fi ń san owó orí. Tó bá jẹ́ èmi ni, ibẹ̀ ni mo ti máa mú wọn. Jésù ò tiẹ̀ dá Róòmù lóhùn. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá ń dẹ́ṣẹ̀, ẹrú ẹ̀ṣẹ̀ ni," Ó sì fi kún un pé ẹrú kì í gbé inú ilé títí, ọmọ ló ń gbébẹ̀, nítorí náà bí Ọmọ bá sọ yín di òmìnira, ẹ ó di òmìnira nítòótọ́.

Àwa ọmọ Ọ̀kun náà, a ní irú ẹnu "a ò ṣẹrú rí" yẹn. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Àwọn bàbá ńlá wa sá gun orí òkè nítorí ogun, ọ̀pọ̀ ìlú wa ló jẹ́ pé orí òkè ni wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà báyìí. Ìjọba Núpé tó wà ní Bídà ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa, èèyàn pàápàá sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń san án. (Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lọ máa fojú burúkú wo ará Núpé ẹgbẹ́ ẹ̀ o, wọ́n ń bá wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, àti pé àwọn tó ń yan ẹni tí wọ́n máa fà lé wọn lọ́wọ́, àwọn ará ilé wa wà níbẹ̀.) Ìbẹ̀rẹ̀ 1897 ni àwọn sójà Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ Kàbà, ogun Núpé ká kúrò, wọ́n lọ ṣẹ́gun Bídà, inú wa dùn. Kò pẹ́, January 1, 1900, wọ́n so àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ ní Lọ́kọ́ja, Lugard di olórí lórí wa, owó orí dé. October 1, 1960, àsíá yẹn sọ̀kalẹ̀, green àti funfun gòkè. August 1991 wọ́n yọ wá kúrò lára Kwara, wọ́n fi wá sí Kogi, wọ́n ní ìjọba ti sún mọ́ wa, látìgbà yẹn sì rèé ọmọ Ọ̀kun kankan ò tíì wọlé ìbò gómìnà, èyí tá à ń kùn sí dòní, ìkùnsínú náà sì tọ́ sí wa. Gbogbo ìgbà tí olówó wa bá ti yí padà la máa ń lùlù pé òmìnira dé.

Ibì kan wà nínú Bíbélì tí mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n fi wàásù ní October 1 rí, Jeremáyà orí 34. Ogun Bábílónì ká Jerúsálẹ́mù mọ́, ilẹ̀ gbóná, ọba Sedekáyà àti gbogbo ìjòyè bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú nínú tẹ́ńpìlì pé kí oníkálukú tú ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, torí Hébérù ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n, òfin ti ní lẹ́yìn ọdún mẹ́fà kí wọ́n máa lọ. Wọ́n tú wọn sílẹ̀ lóòótọ́ o. Ẹ fojú inú wo ìsìn òmìnira ọjọ́ yẹn. Nígbà tó yá wọ́n gbọ́ pé ogun Fáráò ń bọ̀ láti Íjíbítì, àwọn ará Bábílónì ká kúrò lẹ́yìn odi, ara tu wọ́n. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n lọ mú àwọn ẹrú yẹn padà! Èèyàn tó ti dágbére, tó ti dé ilé ara rẹ̀, wọ́n lọ fà á wá láti wá máa pọnmi. Ọlọ́run wá ní, ó dáa, ẹ kọ̀ láti kéde òmìnira fún ará yín, Èmi náà á kéde òmìnira fún yín, òmìnira sọ́wọ́ idà, àjàkálẹ̀ àrùn àti ìyàn.

Ọ̀rọ̀ yẹn le o. Ẹ sì wò ó dáadáa, àwọn tó mú ẹrú wọn padà yẹn, ẹnu wọn náà ló ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba àwọn lọ́wọ́ Bábílónì. Àdúrà òmìnira wà lẹ́nu, ọwọ́ wà lọ́rùn ọmọnìkejì.

Ibẹ̀ ni mo ti ń rí wa. A ń gbàdúrà kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ olóṣèlú burúkú, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́bìnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ nílé láti abúlé, a ò jẹ́ kó lọ sílé ìwé, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló ń sùn, a sì ń mú un lọ sí ìsìn òmìnira kó lè gbé ọmọ dání. À ń bínú pé wọ́n ń jí owó Kogi, bẹ́ẹ̀ orúkọ ẹni tó ti kú wà nínú ìwé owó oṣù níbi tí mẹ́ńbà wa kan ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń dá ìdámẹ́wàá nínú ẹ̀. Àwa ọmọ Ọ̀kun tí ìwé kíkà jẹ́ ògo wa, òbí ń kó ọmọ wá láti ìgboro sí abúlé nígbà WAEC torí wọ́n ti sanwó níbi tí wọ́n ti máa kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wọn, tí èsì bá wá jáde, wọ́n á gbé e wá síwájú pẹpẹ fún ìdúpẹ́. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ mọ̀, ẹ sì gbàdúrà sí èsì yẹn! Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún pé owó ló ń ra èsì, tó bá dàgbà tó di kọmíṣọ́nà, kí lẹ retí?

Ìbò wá ni olórí gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí nǹkan kan. 2015, 2019, 2023, oṣù kọkànlá ni ìbò gómìnà Kogi máa ń bọ́ sí. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, ìsìn òmìnira wa máa ń bọ́ sí àárín ìpolongo gan-an, ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà ṣáájú ìbò. Ṣé ẹ rí ìdí tí àwọn ọlọ́lá fi máa ń nífẹ̀ẹ́ òmìnira wa tó bẹ́ẹ̀? Dìbò kóo sebẹ̀ táwọn ará Èkìtì aládùúgbò wa fi ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ti wọ ilé wa, ìyá tó kọ́kọ́ lọ gbàdúrà ààjìn fún Nàìjíríà, òun náà ló na ọwọ́ gba owó lẹ́yìn ilé ìdìbò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní ebi ń pa òun, mi ò sì lè bú u torí ebi ń pa á lóòótọ́. Àmọ́ ìjọ ńkọ́, ebi wo ló ń pa ìjọ tó fi gba máíkì lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún ẹni tó san owó building?

Ẹ má jẹ́ ká rò pé tá a bá ti ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ yìí sílẹ̀ tá a sì pariwo lé wọn lórí, ó ti parí. Ibi tí ìwàásù mìíràn ti ń já mi kulẹ̀ nìyẹn, "jáwọ́, jáwọ́, jáwọ́," bí ẹni pé ẹrú lè fi ẹnu ara rẹ̀ tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nínú ìjọ yín tó ti pa app tẹ́tẹ́ rẹ́ lórí fóònù lálẹ́ Sunday, nígbà tó fi máa di Wednesday ó ti wà á padà. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ìwàásù. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ nínú Róòmù 7 ló ń ṣe é, rere tó fẹ́ kò ṣe é, búburú tí kò fẹ́ ló ń ṣe. Ohun tí irú wọn nílò ni Róòmù 6 tó ṣáájú ẹ̀, pé a kàn wá mọ́ àgbélébùú pẹ̀lú Kristi, ẹni tó ti kú ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, olówó tó ń pàṣẹ fún un tẹ́lẹ̀ ò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ẹ̀ mọ́. Àti pé ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò wá di aláìlólúwa, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló lọ. Nígbà náà ló nílò alàgbà kan tó máa jókòó tì í, tó máa pè é lálẹ́ Tuesday béèrè báwo ni, láìsọ ọ́ di ẹ̀rí ní gbangba, láìnà án lẹ́gba pé ẹ̀mí ló wà lára ẹ̀.

Ẹni tó bá sì ti bọ́ báyìí, ó ṣòro láti rà á. Ìdí tí mo fi ń sọ pé òmìnira méjèèjì ń wá ara wọn nìyí. Gàlátíà 5 ní wọ́n pè wá sí òmìnira, kìkì pé ká má ṣe fi gbé ẹran ara ga, ká máa fi ìfẹ́ sin ara wa. Ẹni tí kò sí lábẹ́ owó mọ́ lè sọ fún ọlọ́lá pé "ẹ ṣeun sà, ẹ gbé e padà." Ẹni tí ìbẹ̀rù ikú ò de mọ́ lè lọ jẹ́rìí ní kóòtù sí ẹni tó ń fún ajínigbé ní oúnjẹ àti ìròyìn, a sì mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín ìlú tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀bẹ̀ mi rèé fún October tó ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kó pé 2027 tí ariwo ìbò á ti gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé wọ green àti funfun wọn, ó rẹwà, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún Nàìjíríà àti fún àwọn tó wà lọ́wọ́ ajínigbé, ká dárúkọ wọn tí ìdílé wọn bá gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹnì kan ka Jeremáyà 34 láti ẹsẹ 8 dé 17, lóhùn òkè, láìfi orin gé e. Kí ẹ sọ ìtàn Crowther fún àwọn ọmọ Sunday school, oko ẹrú méjèèjì o, kó má jẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan. Ẹni tó bá ń díje fún ipò, kó wá jọ́sìn, kó jókòó síbi tó bá rí, kó má gba máíkì, ì báà jẹ́ ọmọ ìjọ wa, ì báà jẹ́ òun ló kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ìsìn bá parí kí ẹ dúró díẹ̀ fún àwa ọ̀dọ́ ká bi yín ní ìbéèrè, a ní ìbéèrè púpọ̀, àwọn mìíràn nínú wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má wá mọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Ìjọ tó bá sì ti ń ṣe gbogbo èyí tẹ́lẹ̀, ẹ má bínú sí mi o, ẹ kàn jẹ́ ká mọ ibi tẹ́ ẹ wà, a óò wá bá yín jọ́sìn.

Èmi ni,
ọmọ yín láti Yàgbà.